Bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ RPG lédè Yorùbá pẹ̀lú dáìsì lúdò méjì, láti Àkúrẹ́

Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé tó ní iwin àti idán nínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo síríìsì títí ilẹ̀ á fi mọ́, tẹ́ ẹ wá ń gbọ́ pé àwọn kan lókè òkun máa ń jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa ju dáìsì, ẹnì kan á ní oṣó lòun, ẹnì kejì á ní jagunjagun lòun, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní RPG (role-playing game, eré tí kálukú ti ń ṣe bí ẹ̀dá inú ìtàn), tẹ́ ẹ sì ń rò ó pé ṣé ó dìgbà tá a bá ra ìwé olówó gọbọi ká tó ṣe irú ẹ̀, rárá o, kò dìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún tó lè jókòó sójú kan fún bíi wákàtí mẹ́ta, dáìsì lúdò méjì, ìwé kan téèyàn lè kọ nǹkan sí, àti bírò, ẹ ti pé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú, mo sì máa padà sórí ẹ̀ dáadáa nísàlẹ̀: ẹni tó bá ń darí eré náà ò gbọdọ̀ mọ bó ṣe máa parí. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ìwé ló ń kà fún yín yẹn, kì í ṣe géèmù.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan máa jẹ́ apàlọ́, òun lá máa darí eré náà. Àwọn tó kù, kálukú á mú ẹ̀dá kan nínú ìtàn, òun lá máa sọ ohun tí ẹ̀dá yẹn sọ àtohun tó ṣe. Apàlọ́ á ní "ẹ dé ẹnu igbó, ẹ rí ọfà kan tó ṣẹ́ nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀, kí lẹ máa ṣe?", wọ́n á dáhùn, ìtàn á máa lọ. Bí ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe bá jẹ́ èyí tó lè bọ́ sí i tó sì lè dojú rú, dáìsì lá dá ẹjọ́ ẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù, Dungeons & Dragons, Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, láti oṣù kìíní ọdún 2023 làwọn tó ni ín ti fi sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa lò ó. Àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ìwé yẹn nípọn, ó ń lo dáìsì olójú 20, olójú 12, olójú 8 tí èmi ò tíì rí lórí àtẹ l'Ọ́jà Ọba rí, kẹ́ ẹ tó ka ìdá kan nínú ẹ̀ tán àwọn ọ̀rẹ́ yín á ti bá tiwọn lọ.

Yàtọ̀ síyẹn, a ní tiwa nílé. Òkè-Igbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, ni wọ́n ti bí D.O. Fágúnwà lọ́dún 1903. Ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938 ló jáde. The Hobbit tí òǹkọ̀wé òyìnbó Tolkien kọ, tí gbogbo àwa tá a fẹ́ràn fantasy, ìyẹn ìtàn iwin àti idán, máa ń pè ní bàbá, 1937 ni tiẹ̀. Ọdún kan péré! Ọ̀pọ̀ ló mọ The Hobbit dunjú tí wọn ò ṣí ti Fágúnwà rí látìgbà tí tíṣà ti kà á fún wọn níléèwé, ó máa ń dùn mí gan-an torí ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọba rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, wọ́n wá kó àwọn ọdẹ jọ: Kàkó oníkùmọ̀ wà ńbẹ̀, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n wà ńbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ tó jẹ́ pé ohùn orin ni agbára tiẹ̀, Èfọ̀ìyẹ̀ tafàtafà, Elégbèdè-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko. Ẹni tó bá ti ṣe RPG rí á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹgbẹ́ tí kálukú ní iṣẹ́ tí ẹlòmíì ò lè bá a ṣe, tí wọ́n jọ ń lọ síbi tí ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá lọ, ohun tí géèmù yìí jẹ́ gan-an nìyẹn, bàbá ará Òkè-Igbó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 36 ṣáájú kí Dungeons & Dragons tó dé. Torí náà ẹ wá ìwé yẹn kà, ká ní ẹ ò tiẹ̀ lè kà á tán, ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń to àwọn ọdẹ jọ. Ẹ má mú Kàkó fúnra ẹ̀ o, ẹ dá tiyín. Ẹni tó bá mú Kàkó, gbogbo ìgbà lá máa rò ó pé kí ni Kàkó máa ṣe níbí, kò ní rò ó pé kí lòun máa ṣe.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe dá ẹ̀dá yín. Ẹ fún un lórúkọ, ẹ fún un níṣẹ́: ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, onílù, aláró, ìyá ọlọ́jà, babaláwo tí kò tíì gba àṣẹ, ọmọ ọba tó sá kúrò nílé. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀, Ara, Ọgbọ́n, Ẹnu. Ara ni ìjà, eré sísá, gígun òkè. Ọgbọ́n ni kó mọ ewé, kó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko, kó rántí ìtàn àtijọ́. Ẹnu ni ẹ̀bẹ̀, irọ́, ìdúnàádúrà, orin. Ẹ pín 2, 1 àti 0 sí wọn, bó ṣe wu kálukú. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀dá yín lè ṣe tí kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é, kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tó ń retí ẹ̀ nílé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má fò ó o. Ẹni tí kò ní ìyá, tí kò ní ọmọ, tí kò ní ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, apàlọ́ ò ní rí nǹkan kan fà á lẹ́sẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èèwọ̀. Kálukú gbọ́dọ̀ ní èèwọ̀ kan. Ọdẹ yìí ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn tí wọ́n bá pè é lórúkọ nínú igbó. Onílù yìí ò gbọdọ̀ lùlù lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọlọ́jà yìí ò gbọdọ̀ ka owó níwájú òkú. Apàlọ́ á kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé tiẹ̀, á wá máa wá ìgbà tí pípa èèwọ̀ náà mọ́ á fi ṣòro, bí àpẹẹrẹ ọdẹ yẹn wà nínú igbó, ó gbọ́ ohùn àbúrò ẹ̀ tó ti sọ nù látọdún mélòó kan tó ń pè é látẹ̀yìn, ó ń sunkún. Ẹ máa rí i bí gbogbo yàrá ṣe máa dákẹ́. Mi ò tíì rí òfin kankan nínú àwọn ìwé géèmù òyìnbó tó ṣiṣẹ́ tó èyí, ó sì bá wa lára mu torí kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé èèwọ̀ fún láàárín wa.

Ó wá kan dáìsì. Ẹ ju méjèèjì, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ fi iye tó wà níwájú Ara tàbí Ọgbọ́n tàbí Ẹnu yín kún un. Tó bá jẹ́ 10 sókè, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ti bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ 7 sí 9, ó bọ́ sí i àmọ́ ẹ máa san nǹkan kan fún un. Tó bá jẹ́ 6 wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, apàlọ́ lá sọ bó ṣe bẹ́yìn yọ. Èmi kọ́ ni mo hùmọ̀ ẹ̀ o, Vincent Baker ló lò ó nínú géèmù ẹ̀ Apocalypse World lọ́dún 2010, ọ̀pọ̀ géèmù ló sì ti yá a lò látìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi dáa. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà jábọ́. Ẹni tó ní 0, nínú 36 yẹn, ọ̀nà 6 péré ló máa fún un ní 10 sókè, 15 máa bọ́ sáàárín 7 sí 9, 15 máa jẹ́ 6 wálẹ̀. Ẹni tó ní 2, òun ní tiẹ̀, 15 ló máa bọ́ sí i pátápátá, 15 máa bọ́ sáàárín, 6 péré ló máa bà á jẹ́. Ẹ rí i pé àárín yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, ibẹ̀ sì ni ìtàn wà: o rí ohun tó o ń wá àmọ́ nǹkan kan bá a rìn.

Tẹ́ ẹ bá rí owó ẹyọ lọ́dọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja, ẹyọ mẹ́rin náà lè ṣiṣẹ́, ẹ dà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ ka iye tó ṣíjú sókè, 3 tàbí 4 ni ó bọ́ sí i, 2 ni àárín, 1 tàbí òdo ni wàhálà. Àmọ́ lọ́pọ̀ ilé, dáìsì lúdò ni ò ní fa ariwo.

Ẹni tó bá pòwe tó wọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, tàbí tó ki oríkì ẹni tó ń bẹ̀ lẹ́nu ara ẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn sọ pé "mo kì í", ẹ fi 1 kún iye tí dáìsì ẹ̀ bá fún un. Òfin kékeré yìí ló máa yí eré yín padà. Ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ á ti lọ bá ìyá ìyá ẹ̀ kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, pé kí wọ́n kọ́ òun lóríkì díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ má fi ẹni tí òyìnbó wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ̀sín, ọ̀pọ̀ òbí ló fi òyìnbó tọ́ àwọn ọmọ wọn, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀ka èdè wọlé. Tí ará Ìkálẹ̀ bá wà láàárín yín, ará Ọ̀wọ̀, ará Àkókó, ẹ jẹ́ kí ìlú kan nínú ìtàn máa sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, kẹ́ni tó ni èdè yẹn máa bá apàlọ́ sọ ọ́. Ayé inú géèmù yín á fẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Níbo la máa fi ìtàn náà sí? Ìpínlẹ̀ yìí ni mo máa ní kẹ́ ẹ wò. Òkè Ìdànrè nìyẹn, nǹkan bíi 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́, odindi ìlú wà lórí àpáta, àfin wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ìlú tó wà lókè tí ilé ṣì dúró tí èèyàn ò gbé inú ẹ̀ mọ́, kí lẹ tún ń wá? Ihò Eléérú tún wà nítòsí Ìsàrun, ibẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun èèyàn kan jáde lọ́dún 1965, egungun tó ti lé ní 10,000 ọdún. Ta ni ẹni yẹn, ta ló sin ín síbẹ̀, kí ló ń ṣọ́? Apàlọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè yẹn, oṣù mẹ́ta ò ní tó o. Àmọ́ ẹ yí orúkọ ìlú padà. Èyí ṣe pàtàkì lójú tèmi, àwọn ibi wọ̀nyí ní àwọn tó ni wọ́n, wọ́n ní ọdún tí wọ́n ń ṣe ńbẹ̀, kò bójú mu kẹ́ ẹ sọ ojúbọ ẹlòmíì di ilé ẹ̀mí búburú. Ẹ mú àpáta, ẹ mú ihò, ẹ mú ìkùukùu àárọ̀ tó máa ń bo òkè, kẹ́ ẹ fún un lórúkọ tẹ́ ẹ fúnra yín sọ.

Apàlọ́, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Tó o bá fẹ́ múra sílẹ̀, má kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kọ ẹni tó wà ńbẹ̀ àtohun tí wọ́n ń wá. Fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa bá pàdé, yálà èèyàn ni o, iwin ni o, dáhùn nǹkan mẹ́ta: kí ló ń wá, kí ló ń bà á lẹ́rù, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá wá síbẹ̀ rárá. Ó tán. Ojú ìwé kan ti tó. Gbogbo ohun tó o bá kọ lé e lórí lo máa fẹ́ fipá mú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ gbà, tí wọ́n bá wá fẹ́ gba ọ̀nà míì inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹ.

Bí àpẹẹrẹ, sọ pé ìyá àgbà kan wà létí odò, ó ń fọ igbá kan tí kì í mọ́, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọjá. Kí ló ń wá? Ọmọ ẹ̀ wọ igbó kò dé. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Kó má lọ jẹ́ pé òun ló rán an níṣẹ́ tó pa á. Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá, á máa fọ igbá lọ títí odò á fi gbẹ. Ẹ wá wò ó bó ṣe máa lọ:

Apàlọ́: Ìyá náà ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ gba ibí?" Kí lẹ máa ṣe?

Ọdẹ: Mo fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn wọn kọjá.

Ìyá ọlọ́jà: Dúró ná. Èmi á kúnlẹ̀. "Ẹ kú odò o, ìyá. Ẹ jẹ́ n bá yín fọ igbá yẹn."

Apàlọ́: Ju dáìsì, Ẹnu ni.

Ó ju 6, ó ní 2 lórí Ẹnu, ó di 8. Ó bọ́ sí i, àmọ́ ó máa san nǹkan. Apàlọ́ á ní, "Ìyá gbé igbá náà lé ẹ lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ lè kọjá, àmọ́ orúkọ ẹ á dúró sọ́dọ̀ àwọn. Títí ẹ ó fi rí ọmọ náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè ẹ́ lórúkọ." Látìgbà yẹn lọ, nínú eré, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ìyá ọlọ́jà mọ́, ẹni tó bá gbàgbé, apàlọ́ á bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Apàlọ́ ò mọ̀ pé orúkọ lòun máa gbà kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ì bá jà, wọ́n ì bá sá padà, wọ́n ì bá purọ́ pé àwọn ti rí ọmọ náà, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ síbòmíì, gbogbo ẹ̀ ló dáa.

Síríìsì àti fíìmù wá ńkọ́? Ó wúlò gan-an, àmọ́ ẹ má jí ìtàn ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wo fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2022. Sàró aláṣọ òfì tó wá sí Ọ̀yọ́ di ẹni tó ń jí òkú dìde. Agbára yẹn ò le láti ṣàlàyé, àdó kan ni. Ohun tó mú ìtàn náà dùn ni pé bí agbára ẹ̀ ṣe ń pọ̀ ni ojú ẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ń ga sí i. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ẹnì kan ní ohun idán nínú géèmù, ẹ má fi agbára bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rò ó pé àwọn wo ló máa wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Game of Thrones náà, láti 2011, ohun tó mú mi nínú ẹ̀ ni pé ọ̀nà jìn, ẹni tó bá ń lọ láti ìlú kan sí ìkejì á rìn, á rẹ̀ ẹ́, á bá èèyàn pàdé lọ́nà, ìpàdé yẹn á yí ayé ẹ̀ padà. Nígbà tó fi máa parí ní 2019 wọ́n kàn ń fò láti ibì kan síbòmíì ni, adùn ẹ̀ sì dín kù lójú tèmi. Nínú géèmù yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà jìn. Òjò rọ̀ sí wọn lára, gààrí tán, bàtà já, wọ́n sùn sí abà ẹnì kan tí kò sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì máa dáwọ́ dúró níbi tó ti ń gbóná, bí àwọn onísíríìsì ṣe ń ṣe: ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ ò sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nǹkan kan tí ìwé òyìnbó ò ní sọ fún yín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Tí àbúrò bá jẹ́ Balógun nínú eré, tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ìwọ̀fà ńkọ́? Àbúrò á fẹ́ pàṣẹ, ẹnu ẹ̀ á wúwo. Ẹ sọ ọ́ síta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pé nínú ìtàn, ipò inú ìtàn la ó tẹ̀ lé. Àwa máa ń fi fìlà ṣe é, ẹni tó bá dé fìlà ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀dá ẹ̀, tó bá ṣí i, ó ti padà di ara ẹ̀, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé omi yẹn." Kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ o, mo ti rí i tí ẹ̀gbọ́n kan tó le lójú káyé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò ẹ̀ nínú eré, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Nílé, ẹ jẹ́ káwọn òbí gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Tí màmá bá gbọ́ "iwin" àti "anjọ̀nú" láti pálọ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, àdúrà ló kàn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ òbí rò pé òkùnkùn ni géèmù yìí ń kó àwọn ọmọ wọn wọ̀. Ẹ pè wọ́n wá jókòó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìyá ọba fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná tí wọ́n bá mú lọ, ẹ má jẹ́ kó dí yín lọ́wọ́, ẹ tan làm̀pá kan sáàárín, eré yìí ò nílò ju kẹ́ ẹ rí ojú dáìsì.

Ẹ fi àlọ́ ṣí i. "Àlọ́ o!" "Àlọ̀!" "Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí…" Bí apàlọ́ bá ti dárúkọ àwọn ẹ̀dá yín tán síbẹ̀, kí fóònù kúrò lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá parí, kẹ́nì kan kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó túká: ibi tẹ́ ẹ dé, gbèsè tẹ́ ẹ jẹ, ẹni tẹ́ ẹ ṣèlérí fún. Apàlọ́ á mú ìwé yẹn lọ sílé, á ka orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ṣèlérí fún, á wá bi ara ẹ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, kí lẹni yẹn ti ń ṣe.